Ògiri Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Pẹ́ńtà fọwọ́ kan ògiri, ó mi orí. "Màmá, kò tíì gbẹ o. Bí mo bá kun ọ̀dà lé e báyìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa bó."

"Ó mà ṣe o," ni Màmá wí. "A jẹ́ pé ẹ tún máa padà wá lọ́la nìyẹn?"

Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀tàn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ògiri náà. Láràárọ̀, kí pẹ́ńtà tó dé, á rẹ tówẹ̀lì sínú omi, á na ẹ̀yìn tó ń ro ó, á sì fi pa gbogbo ibi tó sán lára ògiri tí ọkùnrin náà ti fi pọ́tì dí.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ló fi fóònù bẹ pẹ́ńtà níṣẹ́. Ó ní kí wọ́n tún yàrá tí òun dàgbà sí ṣe, òun ń bọ̀ wá lo ìsinmi. Màmá mọ ìsinmi yẹn dáadáa. Ọdọọdún ló ń bọ̀, orí ẹnu ló sì máa ń parí sí.

Ṣùgbọ́n pẹ́ńtà dé ní tiẹ̀. Ó ha ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń bó, ó wá ń fi ẹnu ọ̀bẹ la ojú ibi tó sán kó lè fẹ̀ sí i.

"Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lù mí ni?" ni Màmá bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní pọ́tì kì í dúró nínú ojú sísán tí wọn ò bá là dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sọ ti àna rẹ̀ tó wá kí wọn tí kò rántí ilé mọ́. Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, rédíò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, rédíò kì í sì í béèrè bóyá èèyàn sùn dáadáa. Nígbà tó rí i pé iṣẹ́ ti ń parí lọ ló lọ mú tówẹ̀lì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, pẹ́ńtà kò tètè lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ó tẹ́ etí sí i.

"Páìpù ló ń jò nínú rẹ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára mi. Ẹ wá bíríkìlà tó máa fọ́ ọ. Èmi á gba ibòmíì lọ, wọ́n ti ń retí mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ àti sáńpépà rẹ̀ sápò. Tí Màmá bá dákẹ́, ọkùnrin yìí lọ nìyẹn, wọn á sì fọ́ ògiri ọmọ rẹ̀ lásán. Tó bá sọ̀rọ̀, ojú wo ni yóò fi wò ó?

"Kò sí páìpù tó ń jò," ló wí. "Èmi ni mò ń fi tówẹ̀lì tútù pa á. Mi ò fẹ́ kí ẹ parí ẹ̀."

Ojú pẹ́ńtà le. Nítorí ògiri yìí, ó ti ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ níbòmíì pé lọ́la ni òun ń bọ̀, wọ́n sì ti ń bú u.

"Ẹ má fi omi kàn án mọ́," ló wí, ó sì jáde.

Ògiri gbẹ. Ó padà wá, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, ó nu eruku rẹ̀ kúrò, ó sì kùn ún. Iṣẹ́ náà dára, kò ṣeé bù kù. Ṣùgbọ́n pẹ́ńtà kò sọ ìtàn kankan. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dùn ún dé egungun.

Nígbà tí pẹ́ńtà parí, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Wọ́n dé pálọ̀, Màmá dúró.

"Ẹ bá mi wo ògiri ibí yìí náà."

Pẹ́ńtà ṣíjú wò ó. "Kò sí nǹkan tó ṣe é, Màmá."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

Ọkùnrin náà sọ àpò kalẹ̀, ó dúró tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ògiri tí nǹkan kan kò ṣe.