Àwọ̀n Ẹyẹlé

Nígbà tí ọ̀gá iléèwé pe Adéníkẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun ní Bur Dubai, tó sọ fún un pé kí Tóyọ̀sí ọmọ rẹ̀ má padà wá ní táàmù tó ń bọ̀, ṣe ni ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ti tún sá kúrò ní kíláàsì. Orí òrùlé ni wọ́n ti bá a, ó ń wo ẹyẹlé. Dókítà ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe oríkunkun, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ wọ Adéníkẹ́ létí bí ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Òun àti Tóyọ̀sí wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ní àdúgbò Al Khan.

"Mọ́mì, bàbá ẹyẹlé náà máa ń sàba. Ìyá á sàba lóru, bàbá á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́."

"Ẹn-ẹ́n."

Fúnṣọ́ ọkọ rẹ̀ ń ṣe security ní Dubai, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Muhaisnah ló ń sùn sí. Nígbà tó wálé lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, àwọ̀n ló gbé dání.

"Tí kò bá rí ẹyẹ mọ́, á gbájú mọ́ ìwé ẹ̀."

Ó gun àga ní bákónì láti ta àwọ̀n náà dí i. Adéníkẹ́ bá a di àga mú. Ẹyẹlé kan ń sàba lẹ́yìn AC. Tóyọ̀sí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Adéníkẹ́ wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Dádì Tóyọ̀sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un jókòó nìyí. Tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò?"

Fúnṣọ́ jọ̀wọ́ àwọ̀n náà. "Khalas, ó ti parí," ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká àwọ̀n rẹ̀, ó sì gbé e dání nígbà tó ń padà síbi iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Adéníkẹ́ da ìrẹsì díẹ̀ sórí páálí.

"Tí ẹyẹlé mẹ́fà bá fẹ́ pín hóró méjìdínlógún, mélòó ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Tóyọ̀sí, tí kì í dúró gbọ́ ìṣirò, jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka pín in.

"Mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọn ò ní pín in, Mọ́mì. Èyí tó lágbára ló máa jẹ púpọ̀."

Adéníkẹ́ bi í ní òmíràn, àti òmíràn. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe iléèwé mìíràn. "Ọmọ mi kì í lè jókòó pẹ́," ló ń sọ fún wọn, "àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹlé." Méjì kọ̀. Ẹ̀kẹta ní kó mú un wá káwọn rí i. Adéníkẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń dúró nítòsí iléèwé náà.