Táyé Lọ Ra Iyọ̀

Ọdún tí ìjọba ṣójà yí àwọ̀ owó padà ni Kẹ́hìndé onígìtá wá ṣeré ní Ẹdẹ wa níbí. Ọdún náà ò rọrùn rárá. Wọ́n ti dá àwọn olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọṣẹ di ohun tí à ń tò fún, iyọ̀ di ohun tí à ń tò fún, ṣójà á sì mú pàṣán dúró ti ìlà. Jákọ́bù ọkọ mi, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ kó má rí nǹkan kan rán ju ṣòkòtò ògbólógbòó tí wọ́n ní kó lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè gba orin lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun ló ti ń gbọ́ àwo orin Táyé àti Kẹ́hìndé. Ìbejì ni wọ́n, gìtá oníná ni wọ́n ń ta, irú orin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní rọ́ọ̀kì. Èmi ò fẹ́ràn ariwo rẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni ń fa páànù ya létí mi. Àmọ́ orin kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń dúró gbọ́, èyí tí àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn. Kẹ́hìndé á béèrè pé, “Níbo lo wà?” Táyé á dáhùn pé, “Mo wà níwájú, máa bọ̀.” Jákọ́bù mọ ohùn Táyé yẹn látòkèdélẹ̀. Bó bá ń gé aṣọ, òun náà ló máa ń kọ. Kò bẹ Ọlọ́run fún mọ́tò, kò bẹ̀ ẹ́ fún ilé alájà. Kó ṣáà gbọ́ orin yẹn lẹ́nu àwọn tó ni ín, lójúkojú, ìyẹn ló ń wù ú.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Táyé ti lọ ra iyọ̀. Ìwé ìròyìn sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, èmi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì ò bá sí mọ́, ẹnikẹ́ni kì í là á mọ́lẹ̀ létí ìkejì, kí ìkejì má baà tẹ̀lé e. Ó lọ ra iyọ̀ ni, tàbí ó lọ sí Èkó. Onítẹ̀bọmi ni wá, a kì í bọ ìbejì, ṣùgbọ́n èyí ò ti ẹ̀sìn wá. Ọmọ tí wọ́n bá ti lè rán níṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Jákọ́bù mọ̀ ọ́n ju àwa yòókù lọ, nítorí ìyá tó bí i bí ìbejì lé e.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi eré náà sí, torí ṣójà ò fẹ́ kí èrò kóra jọ lálẹ́. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan la lọ. Ọládòṣù bíríkìlà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, jókòó sẹ́yìn wa.

“Ìyá Dáníẹ́lì, ẹ̀yin náà wá jó rọ́ọ̀kì? Kí pásítọ̀ má rí yín o.”

“Ọkọ mi ni mo wá ṣọ́.”

“Ẹ dì í mú dáadáa. Ẹ ò rí i bó ṣe ń mira, bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò ẹ̀?”

Mo wo orí pèpéle. Àga méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, ìgò mínírà méjì. Kẹ́hìndé jáde, òun nìkan, irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó sórí àga kan, kò sì sí ẹni tó súnmọ́ ìkejì. Ó yé mi pé ti Táyé ni.

Ó ta gìtá lọ́jọ́ náà o! Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Jákọ́bù jó títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, Kẹ́hìndé dáwọ́ dúró, ó ń fa okùn gìtá le, gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Àfi bí ọkọ mi ṣe fò dìde.

“Kẹ́hìndé! Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Táyé o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́! Ẹ bá wa kọ orin tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń kọ!”

Obìnrin kan níwájú káwọ́ lérí. “Háà! Ta nìyẹn? Ilé ta ló ti wá?”

Jákọ́bù ò tíì mọ ohun tó ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí orin. Ìgbà tó wo ojú mi ni ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́hìndé bojú wo àga kejì. Ó wá súnmọ́ ẹ̀rọ.

“Bàbá, Táyé lọ ra iyọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ìlà ṣe gùn lásìkò yìí.”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu. Ọládòṣù na ọrùn sí wa: “Jákọ́bù! Ìwọ tí ìyá ẹ bí ìbejì! O tún wá kí i kú àṣẹ̀yìndè!” Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo fi ìborùn bojú.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Mo di dàńṣíkí rẹ̀ mú, ó fà á ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

“Ẹ má bínú. Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.”

“Ẹ dìde, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ṣé torí orin yẹn lẹ ṣe wá?”

Jákọ́bù ń mi orí pé rárá, rárá.

“Torí ẹ̀ lẹ ṣe wá. Mà á kọ ọ́.”

Jákọ́bù padà wá jókòó, erùpẹ̀ wà ní àyà rẹ̀. Kẹ́hìndé fọwọ́ kan okùn. “Níbo lo wà?” Ó fi ẹnu kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó dúró. Ìlù nìkan ló ń dún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gùn tó bí ìdáhùn Táyé ṣe máa ń gùn. Ó tún béèrè, ó tún dúró. Mo ń wo ọkọ mi, ẹni tó mọ ìdáhùn yẹn látòkèdélẹ̀, ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Ní gbogbo ìgbà tí Kẹ́hìndé bá dúró, Jákọ́bù ló máa ń wò, Jákọ́bù ò sì gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó ní ká máa lọ. A fẹ̀gbẹ́ ògiri jáde bí olè. A ti dé ojú irin, a ṣì ń gbọ́ gìtá, kó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá Dáníẹ́lì, ṣé ó wò mí?”

Mo ní, “Kò wò yín.”