Ìgbéga Eégbọn

“Ẹ̀rín ló yẹ kí o máa rín, o wá ń fajú ro,” ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá wí fún obìnrin tó dúró níwájú tábìlì rẹ̀. “Láti ọjọ́ Ajé, ìwọ ni alákòóso ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Èmi àtìwọ nìkan la tíì gbọ́ ọ.”

Obìnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ka tó ń tọpinpin àwọn tó ń jẹ owó orí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí kò tíì lọ́kọ. Ibẹ̀ náà ló ti dọ̀gá. Eégbọn làwọn olówó ìlú ń pè é, torí bó bá ti so mọ́ni, kì í tú. Ẹni tó so mọ́ báyìí ni Ọlọ́ṣẹ, tó ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Oṣooṣù lọkùnrin yìí ń yọ owó orí lára owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń dà á sápò ara rẹ̀. Adájọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un.

“Ta ni yóò wá mú Ọlọ́ṣẹ, sà?”

“Ẹni tó bá gba ipò rẹ á wò ó.”

“Á wò ó ni, àbí á mú un?”

Ọ̀gá àgbà yíjú sí fèrèsé.

Obìnrin náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tí fóònù rẹ̀ fi dún.

“Ọ̀gá mi, Ọlọ́ṣẹ ni o. Ẹ kú oríire! Ilé ẹ̀kọ́ yẹn á tù yín lára, ariwo ò sí níbẹ̀.”

Ó pa fóònù náà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n kankan. Igbákejì rẹ̀ sáré dìde.

“Ta lọ̀gá ẹ̀ka yìí lónìí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó dáa. Wọ́n gbé mi ga kí ọwọ́ mi má bàa tólẹ̀ mọ́. Mú ìwé adájọ́ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.”

Ẹ̀rín ni Ọlọ́ṣẹ fi pàdé wọn ní ilé iṣẹ́ rẹ̀. “Àbí wọn ò tíì sọ fún yín ni?”

“Wọ́n ti sọ. Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Dìde!”

Ọlọ́ṣẹ pe ọ̀gá àgbà, ó sì na fóònù sí i.

“Bó o bá mú ọkùnrin yẹn, o ti sọ ìgbéga yẹn nù!”

“Ẹ fún ẹlòmíì, sà.”

Bí wọ́n ṣe ń mú Ọlọ́ṣẹ kọjá láàárín ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó ń di ọṣẹ sínú páálí ló bi wọ́n pé, “Owó wa ńkọ́?”

“Mi ò lè ṣèlérí, mà. Ṣùgbọ́n á sọ ibi tó kó o sí.”

Nínú ọkọ̀, ó pe ọkọ rẹ̀.

“Wọ́n fún mi ní ìgbéga láàárọ̀.”

“Háà! Kú oríire!”

“Mo ti sọ ọ́ nù lọ́sàn-án.”

“O ò lè bi mí kó o tó ṣe é?”

“Ká ní mo bi ọ́, o ì bá ní kí n ṣe sùúrù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni!”

“Sùúrù ti tán lára mi.”

Ó fi fóònù sápò, ó yíjú sẹ́yìn sí Ọlọ́ṣẹ.

“Ó yá,” ó ní, “máa wí.”