Irinwó Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àbdùlkàdírì

Ẹ ti ń fura pé Àbdùlkàdírì kò dé Finland, òótọ́ sì lẹ fura. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gbé aláìsàn dìde ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Ọ̀fà Garage, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń ké. Wọ́n ní Finland ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó wọn, pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lédè wọn lórí kọ̀ǹpútà ló kù, pé ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta kò ní àǹfààní mọ́. Oṣù méjì ló kù kó pé e.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéwú ló ṣe kọ́ èdè náà. Ó kọ irinwó ọ̀rọ̀-ìṣe sórí wàláà, ó ń ké wọn lóhùn rara, ojú ní dídì, ara ń mì síwá sẹ́yìn. "Olla, kí a wà. Tulla, kí a wá. Mennä, kí a lọ." Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ló ti ń ké e, kí ẹni tó ń kọjá má baà ṣàìgbọ́. Wọ́n ń pè é ní Alfa Finland. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ẹ.

Màsúdát, ìyàwó rẹ̀, dán an wò. "Bàbá Ahmad, kí ni wọ́n ń pe 'gbé'?"

"Olla, kí a wà. Tulla…"

"Ẹ gbà mí o! 'Gbé' nìkan ni mo bi yín."

"Ẹ̀kọ́ kì í ṣe gúgúrú tí èèyàn ń ṣà jẹ. Láti òkè la ti ń bọ̀."

"Ẹ máa bọ̀ nígbà náà, mò ń lọ wẹ̀."

Ó wẹ̀ tán, ọkọ rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, obìnrin òyìnbó kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó rọra béèrè pé: ìyá arúgbó kan ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí lẹ máa ṣe? Ó yé Àbdùlkàdírì kedere. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Orúkọ iṣẹ́ náà lédè wọn ló kù. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Òógùn bò ó. Nígbà tó kan 'gbé', ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ké e: "Nostaa! Kí a gbé sókè!"

Ó lajú. Ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí nínú kọ̀ǹpútà.

"Ó ti lọ," ni Màsúdát wí lẹ́nu ọ̀nà. "Orí ọ̀rọ̀ ìkọkànlélógójì lẹ wà nígbà tó dágbére."