Ìgbà Kejì Orin Fulbert Lanoë

Iṣẹ́ Fulbert Lanoë ni kíkọ orin sínú ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ onífayolíìnì ilẹ̀ Faransé. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, gbogbo orin tó sì ti kọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn á lù ú, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á fún un ní òdòdó, wọn á sì tì í mọ́ inú àpótí bí òkú tí kò bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo wọn níbẹ̀. Orin tuntun ni ìjọba ń fowó ràn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá ti gbọ́ rí, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún un gbọ́, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kú láti ayé baba-ńlá wọn.

Fulbert kò bínú sí wọn. Irọ́ ni. Ó bínú sí wọn dé eegun.

Ẹni tó bínú sí jù ni Hugues Pomarède, tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Paris. Hugues ti gba ẹ̀bùn, ó ti gba oyè, kì í bọ́ ṣíkáàfù pupa kúrò lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀, orin kan ṣoṣo ni ọ̀lẹ yìí kọ láyé rẹ̀. Á pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, á fi fèrè kan kún un, á yọ ìlù kan kúrò, á ní ó ti di tuntun. Láti ọjọ́ tí Fulbert ti sọ èyí sí i lójú níbi ìsìnkú olùkọ́ wọn ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí Màdáàmù Berthollet, ọ̀gá ẹgbẹ́ onífayolíìnì Saint-Aubrac, wá ní àwọn fẹ́ tún *Eérú Òkun* lù, orin tí àwọn fúnra wọn ti lù fún Fulbert lọ́jọ́ kan rí, inú Fulbert dùn débi pé ó gbàgbé wàràkàṣì tó wà níwájú rẹ̀.

“Ohun kékeré kan ló kù, Ọ̀gá Lanoë,” ni màdáàmù wí. “Ẹ bá wa yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ fi nǹkan díẹ̀ kún un, ká lè kọ ọ́ pé tuntun ni.”

“Ṣé ẹ̀yin náà ti ń bá Pomarède jẹun ni?”

“Ọ̀gá, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.”

“Gbogbo èèyàn ló ń yàgbẹ́, wọn kì í gbé e fún mi nínú àwo. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ètò: ìgbà kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má lù ú.”

Màdáàmù wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó dúró sáàárín títì. Ó gbà.

Ohun tí Fulbert fẹ́ gbọ́ kó tó kú nìyẹn. Nígbà kìíní, àlejò ni orin. Ìgbà kejì la ń mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fi í sí, òun ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ lù kí wọ́n tó lu orin Brahms, ará Jámánì tó ti kú tipẹ́. Àwọn ará Saint-Aubrac kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé orin alààyè ló máa ń ṣíwájú orin òkú, wọ́n bá dúró síta nídìí ọtí, wọ́n ń mu wáìnì funfun, wọ́n ń retí kí ti alààyè parí. Fulbert yọjú wo gbọ̀ngán: àga òfìfo ló pọ̀ jù. Ní ìlà kẹta, Hugues Pomarède gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ṣíkáàfù rẹ̀.

Ara Fulbert gbóná. Ó jáde lọ bá àwọn amuwáìnì.

“Ẹ̀yin àgbààyà wọ̀nyí, ẹ ò ní wọlé?”

“A ń bọ̀, bàbá,” obìnrin kan tó da awọ ẹranko bọrùn dáhùn. “Ẹ jẹ́ kí ariwo ọ̀gbẹ́ni yẹn tán ná. Mo wá nígbà tí wọ́n lù ú lọ́jọ́sí.”

“Ẹ gbọ́ ọ nígbà yẹn?”

“Rárá o. Ibí yìí náà ni mo dúró sí.”

Fulbert bẹ̀rẹ̀ sí bú wọn. Ó bú wọn dáadáa, ó bú ìyá tó bí wọn, ó bú Brahms tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹnu èébú ló wà tí aago fi dún, tí ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn na ọwọ́ dínà. “Orin ti bẹ̀rẹ̀, bàbá. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé mọ́.”

“Èmi ni mo kọ ọ́!”

“Ẹnìkan wá lọ́jọ́ kan, ó ní ìyàwó òun ló ń kọrin. Mi ò ṣílẹ̀kùn.”

“Wo ìwé ètò! Orúkọ mi nìyí!”

“Orúkọ yín dára. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má da orin wọn rú.”

Fulbert fi etí lé ilẹ̀kùn. Igi tó nípọn ni, wọ́n tún fi awọ bò ó. Ohun tó gbọ́ dà bí ìgbà tí aládùúgbò bá ń wọ́ àga.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, pàtẹ́wọ́ ń dún. Adarí orin ti na ọwọ́ sínú òkùnkùn gbọ̀ngán, kí ẹni tó kọ orin dìde kí wọ́n yẹ́ ẹ sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹnìkan sì ti dìde ní ìlà kẹta. Hugues Pomarède tẹrí ba, ó fọwọ́ lé àyà, ó gba gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn tí kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ń pàtẹ́wọ́ fún ṣíkáàfù.

Bí àwọn amuwáìnì ṣe ń rọ́ wọlé ni Hugues ń jáde bọ̀.

“Olè!” ni Fulbert wí.

“Ìwọ lo sá. Ṣé kí n jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa nawọ́ bí ẹni ń dá takisí dúró? Mo bò ọ́ láṣìírí ni.”

Fulbert ti di ẹ̀ṣẹ́. Àmọ́ nínú gbogbo Saint-Aubrac, etí kan ṣoṣo tó mọ ohun tó gbọ́ lọ́sàn-án yẹn ni etí olè yìí.

“Fèrè yẹn,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “èyí tó dá dún níparí. Ṣé ó jáde?”

Hugues tún ṣíkáàfù ọrùn rẹ̀ ṣe. “Ó jáde. Ó dára, Fulbert. Ó dára débi pé mo ti ń wá orúkọ tí màá sọ ọ́.”

Fulbert gbá a létí, ó sì gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ. Títí tó fi dé Paris ló ń tún un sọ lábẹ́ eyín, ó dára, ó dára, tí inú sì ń bí i pé nínú gbogbo ẹnu tó wà nílẹ̀ Faransé, ẹnu ìdọ̀tí yẹn ló ti jáde.