Agogo Òkè-Ìṣin Lórí Òṣùwọ̀n

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ń kánjú, kó kọ́kọ́ jókòó. Ìtàn agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, agogo tí àwọn tó ni ín fi ọwọ́ ara wọn gbé fún olè.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé, ọmọ Òkè-Ìṣin, abúlé kékeré kan l'Èkìtì. Oregun l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ra irin kóńdẹ̀mù, tí wọ́n sì ti ń yọ́ ọ. Òun ló wà nídìí òṣùwọ̀n. Màdámú Sikéèlì ni àwọn alágbàrù ń pè é.

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan já ẹrù sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárín páìpù àti ẹ́ńjìnnì tó ti kú, Ojúọlápé rí agogo idẹ ńlá kan. Wọ́n ti ha orúkọ tó wà lára rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ya níbì kan. Ibi tó ya yẹn, gbogbo ọmọ Òkè-Ìṣin ló ti ki ìka bọ̀ ọ́ rí lẹ́yìn ìsìn. Ojúọlápé ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni.

"Aǹtí Ojú!" Déolú, ọ̀gá ọgbà, ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. "Ṣé ẹ fẹ́ gbàdúrà fún un ni? Ẹ wọ̀n ọ́n jàre. Aago méjì ló máa wọ iná ìléru."

Ojúọlápé sá sẹ́yìn òkìtì irin, ó pe àgọ́ ọlọ́pàá Oregun. Ọlọ́pàá tó gbé fóònù fi sùúrù dá a lóhùn: "Màdámú, ṣé àwọn tó ni agogo ti fẹjọ́ sùn níbì kankan? Ẹ ní kí wọ́n lọ sí àgọ́ tó sún mọ́ wọn, kí ibẹ̀ pè wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yín àti ti ọ̀gá yín lásán ni."

Ó pe Bàbá Bọ́dúndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ Bàbá Ìjọ nílé.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Agogo wa ńkọ́?"

Bàbá wúkọ́. "Wọ́n gbé e lọ tún ṣe."

"Iwájú mi ló wà yìí o! Wọ́n fẹ́ yọ́ ọ!"

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún gbogbo àgbà tó bá lábẹ́ igi, ó fi ohùn Èkìtì kí wọn, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ló rán òun.

"Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí báyẹn, ta ló máa bi í ní ìwé? Àwa méje la bá a gbé e sọ́kọ̀. Mo tún fi iṣu mẹ́ta ṣe é lálejò."

"Ẹ ò sì fẹjọ́ sùn?"

"Ká ní kí ni? Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Gbogbo agbègbè á máa fi wá kọrin." Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Olè ti wọ oko lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn. A ò rí nǹkan kan lù kí abúlé gbọ́. Ṣùgbọ́n ikú yá ju ẹ̀sín, Ojúọlápé."

"Bàbá, agogo ló fẹ́ kú, ẹ̀yin kọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Jẹ́ kí n rò ó ná." Fóònù kú.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ojúọlápé wọn ẹ́ńjìnnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó padà. Aago kan lù. Ó pe Bàbá, Bàbá ò gbé e. Ìléru ti ń hó gùù lẹ́yìn ọgbà.

"Màdámú Sikéèlì, ṣé orí èèrùn lẹ jókòó sí ni?" Àwọn alágbàrù bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ìdajì wákàtí, ó tọ Déolú lọ. "Ọ̀gá, ẹrù olè ni agogo yìí. Ìlú wa ló ni ín."

"Ìwé dà?" ni Déolú wí. "Ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o. Ẹ gbé e!"

Kí àwọn alágbàrù tó débẹ̀, Ojúọlápé ti jókòó lé agogo lórí. "Ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Déolú ń bọ̀, ó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Fóònù Ojúọlápé dún.

Ohùn obìnrin ni. "Ojúọlápé nìyí? Ọlọ́pàá ni mí, láti Èkìtì. Bàbá méje wà níwájú mi, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Kálukú ní òun lòun kọ́kọ́ gbé e. Ta ni kí n kọ sílẹ̀?"

"Gbogbo wọn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Oregun!"

"Mo ti pè wọ́n."

Ojúọlápé ò dìde lórí agogo títí mọ́tò ọlọ́pàá fi wọlé. Wọ́n gbé agogo lọ sí àgọ́, wọ́n mú Déolú náà dání kó lọ sọ orúkọ ẹni tó tà á fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ojúọlápé, ẹlòmíràn ló wà nídìí òṣùwọ̀n. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kí yẹn, wọn ò tíì rí i. Bóyá ó ń dọ̀bálẹ̀ níbì kan báyìí.

Èmi ò sí níbẹ̀ o. Simbiat, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ọgbà náà, ló sọ ọ́ fún mi, ẹnu Ojúọlápé fúnra rẹ̀ ni òun sì ti gbọ́ apá ti Èkìtì. Bí ẹ bá rí ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, Simbiat ni kí ẹ bi.