Ọwọ́ Tó Wà Nínú Korobá

Ní ọlidé gígùn tó ṣáájú ọdún tó máa gboyè, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ère lọ kọ́ṣẹ́ ní Ilé Ọnà Àdúgbò. Ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè ló dá ilé náà sílẹ̀, kí tọmọdé tàgbà lè máa ya àwòrán, kí wọ́n máa mọ amọ̀, láìsan nǹkan kan. Ilé ìfọṣọ ni tẹ́lẹ̀. Páìpù ṣì ń yọrí lára ògiri, ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀ síbi ihò tí omi ọṣẹ máa ń gbà jáde. Obìnrin gíga kan ló ń darí ibẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ọmọdé ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní tirẹ̀: Ọmọ Yunifásítì.

Ọwọ́ àwọn àgbà àdúgbò ni wọ́n ní kó mọ, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sára ògiri fún aráyé wò. Yóò po ìyẹ̀fun tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń wọn ẹnu èèyàn mọ́ omi nínú korobá, àgbà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ohun tó pò náà á sì dì bíi rọ́bà rírọ̀. Tí àgbà náà bá rọra fa ọwọ́ yọ, Ọmọ Yunifásítì á wá da ẹfun tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́ sínú ihò tí ọwọ́ fi sílẹ̀. Bó bá gbẹ, yóò bó rọ́bà kúrò, ọwọ́ á jáde tòun ti ìlà àtẹ́lẹwọ́. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àfi kí tòun di ọwọ́ ọkọ̀ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó òun ò ní dá a mọ̀. Ẹ̀rín sọ nínú yàrá.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Télọ̀ dé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà títí ikú fi mú obìnrin náà lọ, láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ korobá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo di ọwọ́ mi mú?"

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè ní òdìkejì tábìlì. Ó ṣàlàyé pé bí nǹkan náà bá ń dì, ó máa ń fún èèyàn lọ́wọ́. Bàbá mi orí pé òun gbọ́, àmọ́ ó dẹ etí sí korobá bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Nígbà tó bó rọ́bà náà, Ọmọ Yunifásítì kọ́kọ́ rò pé ẹfun ló ṣàn jù. Ìgbà tó rí èékánná ni orí rẹ̀ wú. Ọwọ́ mìíràn, ọwọ́ kékeré, ti ki ìka bọ àárín ìka Bàbá bí ìgbà tí tọkọtaya bá dira wọn lọ́wọ́ mú. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Má-fọwọ́-kàn-án ní àwàdà ní ibi tó yẹ, pé a kì í fi ọ̀fọ̀ àgbà ṣeré. Ọmọbìnrin náà búra títí, omi lé ròrò sí i lójú. Ni wọ́n bá pinnu láti tún un ṣe níṣojú gbogbo wọn.

Ọ̀sán gangan ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ariwo àwọn ọmọdé ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Má-fọwọ́-kàn-án tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ fọ korobá, ó sì dojú rẹ̀ dé kó tó gbé e kalẹ̀. Bàbá Télọ̀ ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wọlé ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ẹfun gbẹ tí wọ́n bó rọ́bà lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ kékeré náà ò sí láàárín ìka mọ́. Ó ti gòkè, ó gbá Bàbá mú ní ọrùn ọwọ́ débi pé ẹran ara wú yí ìka rẹ̀ ká.

Bàbá fọwọ́ pa èékánná tó là náà.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gba ibẹ̀ kọjá," ó ní. "Ìyàwó mi nìyí."



Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Bàbá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá bá Ọmọ Yunifásítì. Ó ní bàbá òun ò jẹun mọ́, pé ṣe ló ń ká apá aṣọ sókè jókòó kalẹ̀, bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Bàbá ki ọwọ́ bọ korobá mọ́. Ọmọbìnrin náà ṣèlérí. Òun náà ti ń rò ó lọ́kàn: láti ìka dé ọrùn ọwọ́, láti ibẹ̀ dé ibo? Nígbà tí Bàbá wá bẹ̀bẹ̀ pé kó tún ọwọ́ òun mọ, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó purọ́ fún un pé ìyẹ̀fun ti tán. Bàbá bojú wo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ wá ṣàbẹ̀wò, iwájú ilé ni gbogbo èèyàn wà. Ọmọ Yunifásítì gbọ́ tí omi ń ṣàn lẹ́yìn, ó lọ wò ó. Bàbá Télọ̀ ti po ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó dijú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé etí korobá. Apá rẹ̀ ti wọlé dé èjìká. Korobá yẹn ò jìn tó ìgbọ̀nwọ́.

Ọmọbìnrin náà figbe ta. Má-fọwọ́-kàn-án sáré dé, ó gbá Bàbá mú níbàdí, àwọn méjèèjì fà. Nǹkan kan fà padà. Lójijì ló jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ṣubú lulẹ̀. Apá Bàbá tutù bí omi kànga, ipa ìka funfun wà lára rẹ̀.

Bàbá sunkún bí ọmọdé. "Ta ló ní kí ẹ yà wá?"

Ọmọbìnrin náà tan iná fóònù sínú ihò tí apá fi sílẹ̀. Iná náà ò dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá gbé ṣọ́bìrì, ó fọ́ ohun tó dì náà wẹ́wẹ́. Àfọ́kù rọ́bà lásán ni wọ́n bá, ìdí korobá sì pé pérépéré.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwọn ọwọ́ náà, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fọ́ ti bàbá òun. Bàbá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ kọ́, èyí tí ìka wọnú ìka, wọ́n sì gbé e kọ́. Àwọn tó wá wòran ní ó wú àwọn lórí, wọ́n rò pé ìgbà tí ìyàwó wà láyé ni wọ́n mọ ọ́n.

Bàbá ò bá Ọmọ Yunifásítì sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí yunifásítì. Ó wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní kó foríjì òun, ó ní ẹ̀rù ló ba òun pé wọ́n ń fa Bàbá lọ.

Bàbá mi orí. "Rárá, ọmọ mi. Èmi ni mò ń fà á bọ̀. Ó ti yọ dé ìgbọ̀nwọ́."

Kò bínú mọ́. Ó ní ẹ̀rù tó bà á tọ́, ó súre fún un, ó rọra ń lọ sílé. 

Igi ni ọmọbìnrin náà fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, kò po ìyẹ̀fun mọ́. Ó pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan láti béèrè àlàáfíà Bàbá. Nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ le, ó ti ń jẹun dáadáa. Ohun tó kù ni pé, bó bá ń sùn, ó máa ń jẹ́ kí apá rẹ̀ fì sísàlẹ̀ létí ibùsùn, kó sì la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.